Ká ya títì bó ṣe rí nílẹ̀, àbí ká yà á bí áàpù ṣe fẹ́ ẹ?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mò ń gbé, mo sì máa ń ṣàtúnṣe OpenStreetMap, máàpù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè bá wọn yà, nígbà tí mo bá ráyè. Oríta ńlá kan wà ládùúgbò wa, níbi tí títì alápá méjì kan ti dábùú òmíràn. Ìlà kan péré ni ẹni tó kọ́kọ́ yà á fi ṣe títì kọ̀ọ̀kan. Mo tú u ká. Mo ya apá tó ń lọ lọ́tọ̀, mo ya apá tó ń bọ̀ lọ́tọ̀, mo ya ibi tí ọkọ̀ ti ń yí padà, mo sì ya bí ọkọ̀ ṣe ń rọra tẹ̀ sí òsì àti sí ọ̀tún nínú oríta náà. Ó wá rí gẹ́lẹ́ bí sátẹ́láìtì ṣe fi í hàn.

Ẹ̀gbọ́n mi ń wa takisí, OsmAnd, áàpù ọ̀nà tó ń ka OpenStreetMap láìlo íntánẹ́ẹ̀tì, ló sì ń lò kí dátà má baà tán lórí fóònù rẹ̀. Ó ní láti ìgbà náà ni fóònù òun kò ti sinmi ní oríta yẹn: "yà sí òsì," kò tíì yà tán, "yà sí òsì" lẹ́ẹ̀kan sí i. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ẹlòmíì wá pa gbogbo iṣẹ́ mi rẹ́, ó dá a padà sí ìlà kan, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ṣe é "kí áàpù lè ṣiṣẹ́". Inú bí mi gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló jàre nínú àwa méjèèjì? Ta gan-an ni máàpù wà fún?

* * *

ÌDÁHÙN

Ẹ̀yin lẹ jàre, àmọ́ kì í ṣe torí pé iṣẹ́ yín jọ àwòrán sátẹ́láìtì. Ẹ jàre nítorí kọnkéré tó wà láàárín títì yẹn.

Ìlànà tí àwa tó ń ya OpenStreetMap ń tẹ̀ lé kò le. Bí ohun kan bá wà láàárín tí ọkọ̀ kò lè gùn kọjá, ì báà jẹ́ kọnkéré, gọ́tà, irin tàbí koríko tí wọ́n fi òkúta yí ká, ìlà méjì ni títì náà. Bó bá jẹ́ ọ̀dà funfun lásán ni wọ́n fà sáàárín, ìlà kan ni, kódà kí ọkọ̀ mẹ́fà lè tò síbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ohun tó lè dá ọkọ̀ dúró là ń wò.

Ẹni tó pa iṣẹ́ yín rẹ́ kò ronú lórí ohun tí ìlà kan ń sọ fún áàpù. Ìlà kan ń sọ pé èèyàn lè yà sí òsì níbikíbi tí àdúgbò kan bá ti so mọ́ títì. Bí èrò tí ẹ̀gbọ́n yín fẹ́ lọ gbé bá wà ní òdìkejì, áàpù yóò ní kó yà sí òsì lójú ibi tí kọnkéré wà. Yóò máa lọ ni, áàpù yóò máa tún ọ̀nà ṣírò, èrò yóò máa wo aago. Iye ìṣẹ́jú tí áàpù sọ tẹ́lẹ̀ kò ní bá ti ojú ọ̀nà mu láé, nítorí ọ̀nà tó fi ṣírò kò sí.

Àmọ́ ìlà méjì náà ní gbèsè tirẹ̀. Ẹni tó bá pín títì sí méjì, tí kò wá ya àwọn ojú ibi tí wọ́n là sílẹ̀ fún yíyí padà, ohun tó ṣe burú ju ti ẹni tó fi í sílẹ̀ ní ìlà kan lọ. Gígùn òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn lé ní kìlómítà 120, apá méjèèjì sì yà sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn. Ojú ìyípadà kan tí a kò yà níbẹ̀ lè gbé èèyàn tó ń lọ sí ilé epo tó wà lódìkejì títì lọ sí oríta mìíràn pátápátá, kí áàpù tó gbà fún un láti padà. Nítorí náà, bí ẹ bá ti fọwọ́ kan títì alápá méjì, ẹ má fi sílẹ̀ títí ẹ ó fi rìn ín já lójú àwòrán, láti ojú ìyípadà kan dé èkejì.

Ohun méjì ló wà nínú ẹjọ́ yín, ẹ má dà wọ́n pọ̀. Èkíní ni ọ̀nà tí áàpù yàn. Èkejì ni ohùn tó fi ń sọ ọ́ fún awakọ̀. Pípín tí ẹ pín títì yẹn tún ọ̀nà ṣe. Ohùn "yà sí òsì, yà sí òsì" yẹn, ibòmíì ló ti wá, mo sì fura sí ibẹ̀ láti inú gbólóhùn kan tí ẹ kọ. Màá padà sí i.

* * *

Àwọn èèyàn ti dáhùn púpọ̀ lábẹ́ ìbéèrè yìí, èrò wọn sì pín sọ́nà mẹ́ta.

Àwọn kan ní kí gbogbo títì jẹ́ ìlà kan, torí ó rọrùn láti yà, ó rọrùn láti tún ṣe, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò sì ní bà á jẹ́. Mo gbà pé ó rọrùn. Ìrọ̀rùn àwa tó ń yà á nìyẹn. Awakọ̀ tó dúró níwájú kọnkéré kò rí ìrọ̀rùn kankan níbẹ̀.

Àwọn kejì fẹ́ kí a ya ohun gbogbo: ojú ọ̀nà ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, erékùṣù kọnkéré kọ̀ọ̀kan, igun kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá rí iṣẹ́ wọn, mo máa ń gbóríyìn fún sùúrù wọn. Àmọ́ bí ojú ọ̀nà mẹ́ta tí kò sí nǹkan láàárín wọn bá di ìlà mẹ́ta, áàpù yóò gbà pé títì mẹ́ta ni, pé ẹni tó bá ti wọ ọ̀kan kò lè bọ́ sí èkejì mọ́. Nǹkan tí wọ́n fẹ́ sọ ní táàgì tirẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ kúkurú tí a ń kọ mọ́ ìlà: ẹ kọ lanes=3 sára ìlà kan náà, kí ẹ sì fi turn:lanes sọ èyí tó ń yà àti èyí tó ń lọ tààrà. Áàpù tó bá mọ̀ ọ́n kà yóò fi ọfà han awakọ̀. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n kà kò ní ṣìnà.

Àwọn kẹta ni wọ́n ní kí a tẹ ìlà díẹ̀ níbi tó bá yẹ, kí ohùn lè jáde dáadáa. Ọ̀pọ̀ wọn ló ti ṣiṣẹ́ lórí máàpù Waze, áàpù ọ̀nà mìíràn, ohun tí wọ́n sọ nípa Waze sì jẹ́ òótọ́. Waze ń wo igun tí ìlà kan fi yà kúrò lára èkejì. Bí igun náà bá ju dígírì 45 lọ, "yà" ni yóò sọ. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, yóò ní kí o máa bá apá kan lọ, tàbí kó dákẹ́. Àwọn tó ń tún un ṣe mọ èyí, nítorí náà wọ́n máa ń fi ojú-àmì kékeré kan (ọ̀kan nínú àwọn àmì tí ìlà ń gbà kọjá) sí ẹnu oríta, ó súnmọ́ tòsí débi pé ojú kò lè rí i, igun á yí padà, ohùn á yí padà.

Níbẹ̀, n kò bá wọn wí rárá. Google ra Waze ní 2013, áàpù kan ṣoṣo ló sì ń ka ohun tí wọ́n ń yà síbẹ̀. Ẹni tó yà á àti ẹ̀rọ tó ń kà á ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ tán. OpenStreetMap tó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2004 kò rí bẹ́ẹ̀. OsmAnd ń kà á, Organic Maps ń kà á, àwọn ẹ̀rọ ìṣírò bíi OSRM, GraphHopper àti Valhalla ń fi í ṣírò ọ̀nà, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ ìwé nípa ìlú rẹ̀ sì ń gbà á sórí kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá tẹ ìlà kí ohùn OsmAnd lè dára, ẹ lè ti ba ti Organic Maps jẹ́ láìmọ̀, ẹ sì ti parọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ yẹn nípa bí oríta ṣe rí.

* * *

Ẹnìkan béèrè bóyá a lè bẹ̀rẹ̀ ẹnu ọ̀nà ìyà-sọ́tọ̀, ìyẹn ibi tí ọ̀nà kan ti ya kúrò lára títì, ní ibi tó ṣáájú ibi tó wà gan-an díẹ̀, kí áàpù lè tètè ké sí awakọ̀.

Rárá. Jíjìnnà ni áàpù fi ń mọ ìgbà tí yóò sọ̀rọ̀, ó sì ń sọ ọ́ kí ẹ tó débẹ̀. Nínú OsmAnd, ẹ lè lọ sí ètò ohùn kí ẹ ní kó tètè máa sọ̀rọ̀ jù báyìí lọ. Fóònù yín nìyẹn yóò kàn. Bí ẹ bá jẹ́ kí ẹnu ọ̀nà náà ṣáájú ibi tó wà, ẹ ti sọ fún gbogbo èèyàn pé ibẹ̀ ni kọnkéré ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tí kò sì gbọ́ ohùn tó ń wo àwòrán nìkan yóò rò pé òun ti kọjá ibi tí òun ì bá yà.

* * *

Ẹ jẹ́ ká padà sí oríta Ìbàdàn.

Níbi tí títì alápá méjì méjì bá ti dábùú ara wọn, ìlà mẹ́rin ló ń pàdé, ojú-àmì mẹ́rin ni yóò sì wà níbi tí wọ́n ti kan ara wọn. Ẹni tó ń yà sí òsì yóò kọjá ojú-àmì kan, yóò rin ìlà kúkurú kan, kó tó jáde sórí títì kejì. Ẹ̀rọ ìṣírò tó dára mọ irú oríta báyìí. OSRM ní ètò tó ń dá apá méjì títì kan mọ̀ tó sì ń kà wọ́n sí ọ̀kan bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Valhalla náà máa ń dá àwọn ìlà kúkurú tó wà nínú oríta mọ̀, kì í sì í ké lórí wọn. Òsì ẹ̀ẹ̀kan ni wọn yóò sọ.

Àmọ́ kí wọ́n tó lè dá a mọ̀, oríta náà ní láti mọ́ tónítóní. Ẹ kọ ọ́ nínú ìbéèrè yín pé ẹ ya "bí ọkọ̀ ṣe ń rọra tẹ̀ sí òsì" nínú oríta. Ibẹ̀ ni mo fura sí. Bí kò bá sí kọnkéré tó ya àwọn tó ń lọ sí òsì sọ́tọ̀ láàárín oríta yẹn, kò sí títì kankan níbẹ̀ tó tẹ̀ sí òsì. Ọ̀dà tó tẹ́jú ni gbogbo rẹ̀. Ipa tí táyà gbà ni ẹ yà, ipa táyà kì í sì í ṣe títì. Ìlà tó tẹ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀ lórí títì kan, ó parí sórí òmíràn, ó sì tún gé òmíràn kọjá láàárín. Ibi tó ti kúrò lára títì àkọ́kọ́, áàpù rí ìyànà kan. Ibi tó ti wọ títì kejì, ó rí ìyànà mìíràn. Ó sọ méjèèjì.

Nítorí náà ẹ̀gbọ́n yín kò purọ́, ẹni tó pa iṣẹ́ rẹ́ náà rí àléébù tòótọ́. Ìwòsàn rẹ̀ ló burú: ó gé apá kúrò nítorí ọgbẹ́ ìka.

Ẹ mú àwọn ìlà tó tẹ̀ sí òsì yẹn kúrò. Ẹ jẹ́ kí ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjá ara wọn tààrà. Ẹ wo oneway=yes, táàgì tó ń sọ pé ibì kan ṣoṣo ni ọkọ̀ ń kọjú sí, lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì rí i pé ọfà wọn kọjú sí ibi tó yẹ. Ìlà kúkurú tó wà láàárín gbọ́dọ̀ jẹ́ irú títì kan náà pẹ̀lú èyí tó jẹ́ apá rẹ̀, kí orúkọ rẹ̀ sì jẹ́ ti títì náà. Mo ti rí ibi tí ẹnìkan ti sọ wọ́n di títì àdúgbò, tí áàpù sì ń kéde wọn bí ẹni pé àdúgbò tuntun ni. Bí wọn kò bá gba yíyí padà ní ẹnu iná yẹn, ẹ fi ìdènà no_u_turn síbẹ̀. Ọ̀nà tó bẹ́ sí ọ̀tún kí èèyàn tó dé iná, bó bá ní erékùṣù kọnkéré tirẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀dà funfun ló yà á sọ́tọ̀, ẹ mú un kúrò, kí ẹ lo turn:lanes.

* * *

Ìbéèrè mìíràn wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ya ọ̀nà ní Èkìtì: ojú-àmì mélòó ló tó fún ọ̀nà tó lọ́? Ó ní ẹnìkan bá òun wí pé ojú-àmì púpọ̀ ń mú kí máàpù wúwo lórí fóònù.

Ẹ wo ọ̀nà Ìwàràjà sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Òkè ni, ó ń lọ́ sọ́tùn-ún sósì, ó ń gòkè ó ń sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹ bá fi ojú-àmì mẹ́ta ya kọ́nà kan níbẹ̀, ìlà yóò gba inú igbó kọjá, ọkọ̀ yóò wà lórí ọ̀dà. GPS inú fóònù yóò ní ẹ ti kúrò lọ́nà, áàpù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọ̀nà ṣírò láàárín kọ́nà tó yẹ kí awakọ̀ gbájú mọ́. Ìlà tó gé kọ́nà kúrò tún máa ń dín gígùn ọ̀nà kù, ẹni tó bá sì gbẹ́kẹ̀ lé e yóò rò pé òun yóò tètè dé.

Ìwọ̀n tèmi ni pé kí ìlà má kúrò lórí ọ̀dà. Ìgbà tó bá ti wà lórí ọ̀dà láti ìbẹ̀rẹ̀ kọ́nà dé òpin rẹ̀, ojú-àmì tó kù kò wúlò. Ètò Simplify, tó ń dín ojú-àmì kù nínú JOSM tí a fi ń ya OpenStreetMap lórí kọ̀ǹpútà, ń fi mítà 3 ṣe ìwọ̀n bí ẹ kò bá yí i padà. Èyí dára fún títì tó lọ tààrà, àmọ́ ẹ wo iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa ní kọ́nà òkè. Ojú-àmì 2000 ni ìlà kan lè gbà mọ ní OpenStreetMap, ẹni tó bá sì súnmọ́ ọn lórí ọ̀nà kan ti ṣe àṣejù tipẹ́.

Ní ti kí máàpù wúwo, àwòrán ilé ló ń gba àyè jù. Kọ́nà Ẹ̀fọ̀n kò lè kún fóònù ẹnikẹ́ni.

Ohun tó ń dun èmi jù lọ́nà òkè ni pé àwòrán sátẹ́láìtì máa ń yẹ̀ kúrò ní ibi tó yẹ, òkè sì ń mú un burú sí i, torí yíyẹ̀ rẹ̀ ní ẹsẹ̀ òkè kì í bá ti orí òkè dọ́gba. Ẹ tan ipa GPS tí àwọn èèyàn ti gbé sókè, ẹ fi í ṣe òdiwọ̀n, ẹ sún àwòrán títí yóò fi bá a mu, kí ẹ tó fọwọ́ kan ìlà kankan. Mo ti rí ọ̀nà tó wà níbi tó tọ́ tí ẹnìkan wá "tún ṣe" sínú igbó, nítorí pé ó gba àwòrán gbọ́ ju ẹsẹ̀ àwọn tó rìn ín lọ.

* * *

Ráńdábáọ́tù. Kíákíá.

Láti 2 oṣù Kẹrin 1972 ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún, nítorí náà ráńdábáọ́tù wa ń yí lódì sí ọwọ́ aago. Àwọn ọmọ wa tó wà ní London tí wọ́n ń bá wa yà á láti ọ̀nà jíjìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọfà ìlà yín kí ẹ tó fi pamọ́. Ẹ ṣeun fún ìrànlọ́wọ́ yín, ó ṣe pàtàkì sí wa.

Áàpù ń ka ẹnu ọ̀nà tó jáde kúrò nínú ráńdábáọ́tù láti mọ èyí tí yóò pè ní ìkíní, ìkejì, ìkẹta. Bí ilé epo bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráńdábáọ́tù, tí ẹ sì so ẹnu ọ̀nà ilé epo náà mọ́ ọn, ó di ọ̀kan nínú wọn. Awakọ̀ tí wọ́n ní kó gba ìkẹta yóò gba ibi tí kò tọ́. Àwọn kan wá ní kí a gé ẹnu ọ̀nà ilé epo náà kúrò. N kò fara mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ pé orí ráńdábáọ́tù gan-an ni ọkọ̀ ti ń wọ ilé epo, ẹ so ó mọ́ ọn, kí ẹ fi highway=service sí i, kí áàpù lè mọ̀ pé kì í ṣe títì bíi tàwọn yòókù. Ìgbà púpọ̀, bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé orí títì tó ń wọ ráńdábáọ́tù ni ẹnu rẹ̀ wà. Kí ẹ gbé e síbẹ̀, ìṣòro ti tán.

Ẹ má sì gbàgbé pé ráńdábáọ́tù máa ń kú. Ìjọba Èkó tú àwọn kan lórí òpópónà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ ní 2017, wọ́n fi iná tó ń darí ọkọ̀ rọ́pò wọn. Kò sí bí ìyípo yín ṣe lè rẹwà tó, bí kò bá sí nílẹ̀ mọ́, ẹ yọ ọ́.

* * *

Ẹnìkan láti Èkó ní òun ti pa sáfíìsì léènì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìkòròdú Road rẹ́ ní ibì kan, torí áàpù ń fò láti orí títì ńlá sórí rẹ̀, ó sì ń da àwọn awakọ̀ láàmú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá a padà lónìí.

Mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. GPS fóònù lè fi mítà márùn-ún sí mẹ́wàá ṣìnà, pàápàá níbi tí ilé gíga àti afárá bá wà. Sáfíìsì léènì kò jìnnà sí títì ńlá tó bẹ́ẹ̀. Fóònù kò lè mọ èyí tí ọkọ̀ wà lórí rẹ̀, ó sì ń méfò. Àléébù GPS ni. Àmọ́ sáfíìsì léènì ni ṣọ́ọ̀bù wà, òun ni ilé ìwòsàn àti ilé ìwé kọjú sí, ibẹ̀ ni ẹni tó ń gbé aláìsàn lọ ti fẹ́ yà. Bí kò bá sí lórí máàpù, áàpù yóò gbé onítọ̀hún dé iwájú ilé ìwòsàn lórí títì ńlá, irin yóò wà láàárín wọn, yóò sì sọ fún un pé ó ti dé.

Ohun tó ń dín fífò náà kù ni kí ìlà méjèèjì wà níbi tó yẹ wọ́n gan-an, láìsún wọn súnmọ́ ara wọn kí àwòrán lè lẹ́wà, kí ẹ sì so wọ́n pọ̀ níbi tí wọ́n là sílẹ̀ nìkan. Mo ti rí ibi tí ẹnìkan ti so wọ́n pọ̀ ní gbogbo oríta àdúgbò, tí áàpù sì ń gba ibi tí kò sí ẹnu ọ̀nà jáde.

Ọ̀nà BRT, ìyẹn ọ̀nà àwọn bọ́ọ̀sì ńlá Èkó, náà ń bẹ níbẹ̀. Láti 2008 ni wọ́n ti ń ná a láti Mile 12 dé CMS. Níbi tí kọnkéré ti yà á sọ́tọ̀, ó ní ìlà tirẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pé bọ́ọ̀sì nìkan ló ní in. Níbi tí ọ̀dà funfun nìkan ti yà á, táàgì lórí títì ni. Ẹ má jẹ́ kí áàpù fi dẹ́rẹ́bà aládàáni síbẹ̀; àwọn òṣìṣẹ́ ìrìnnà kì í gba máàpù gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

* * *

Láti Kútọ̀nù, ẹnìkan kọ̀wé pé ìṣòro tiwọn yàtọ̀: àwọn von, ìyẹn àwọn ọ̀nà àdúgbò oníyanrìn, ní àwọn ibi tí omi máa ń bò wọ́n nígbà òjò, tí sẹ́míjààn, ìyẹn ọ̀kadà wọn, sì máa ń rọ́nà gbà níbi tí mọ́tò kò lè kọjá. Ó tún ní àwọn bulifáàdì kan ní ojú ọ̀nà alùpùpù tó yà sọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìlànà kan náà ló ń ṣiṣẹ́. Ojú ọ̀nà alùpùpù tí kọnkéré yà sọ́tọ̀ yẹ kó ní ìlà tirẹ̀, pẹ̀lú motorcycle=yes àti motor_vehicle=no. Ní ti von, ẹ ya ìlà kan láàárín rẹ̀, kí ẹ má lé ipa táyà kiri, torí ipa yẹn yóò yí padà lẹ́yìn òjò. Ẹ kọ surface=sand tàbí surface=unpaved, kí ẹ fi smoothness sọ bó ṣe rí. Mo ń sọ ọ́ pẹ̀lú ìtẹnumọ́ torí ó tọ́ sí gbogbo wa láti Ìbàdàn dé Lọmé: táàgì ojú ọ̀nà wúlò fún awakọ̀ wa ju igun tó rẹwà lọ. Kọ́nà tó fi mítà méjì yẹ̀ kò ní ba ìrìnàjò ẹnikẹ́ni jẹ́. Ọ̀nà tó ti bàjẹ́ tí a kọ bí ọ̀nà ọlọ́dà lè sọ èèyàn sínú ẹrẹ̀ lóru.

* * *

Ẹnìkan bínú sí mi pé mò ń fi ìlànà dí àwọn èèyàn lọ́wọ́ nígbà tí awakọ̀ ń jìyà. Ó ní máàpù tí kò ran awakọ̀ lọ́wọ́ lónìí kò wúlò.

Mo gbọ́ ọ, ìyà náà sì ń dun èmi náà. Àmọ́ ẹ rántí Google Map Maker, ètò tí Google fi ń jẹ́ kí aráàlú bá wọn ya máàpù wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní ilẹ̀ wa ló fi àkókò wọn ya àdúgbò wọn síbẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà sì ti i ní oṣù Kẹta 2017. Iṣẹ́ wọn di ti Google, wọn kò lè kó o lọ síbòmíràn. OpenStreetMap wà lábẹ́ ìwé àṣẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lò ó, ohun tí mo sì ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ohun tí a fi síbẹ̀ lè jẹ́ òótọ́ fún ẹ̀rọ tí wọn kò tíì ṣe. Ìlà tí a tẹ̀ nítorí áàpù kan kì í kọ orúkọ áàpù náà sára. Bí àwọn tó ṣe áàpù bá tún ẹ̀rọ wọn ṣe ní oṣù tó ń bọ̀, ìlà títẹ̀ náà yóò wà níbẹ̀, yóò sì di àléébù tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìdí rẹ̀.

Awakọ̀ nìkan kọ́ sì ni. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ní Ojota fẹ́ mọ ibi tí afárá ẹlẹ́sẹ̀ wà. Bí títì ńlá bá jẹ́ ìlà kan, áàpù yóò ní kó la títì kọjá láàárín ọkọ̀ tó ń sáré. Ìdí nìyí tí n kò fi lè sọ pé ìrọ̀rùn ohùn awakọ̀ ni kó jẹ́ olórí ohun gbogbo.

Ibì kan wà tí mo ti lè gbà fún onítọ̀hún díẹ̀, lórí táàgì, kì í ṣe lórí ìlà: ìgbà tí wọ́n bá ti ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀ láti tún un ṣe. Ní oṣù Keje 2020, nígbà tí wọ́n ti apá kan afárá Third Mainland fún àtúnṣe, wọ́n ń pín wákàtí fún àwọn tó ń lọ sí Erékùṣù àti àwọn tó ń padà. Ẹ má yí ọfà ìlà padà nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Máàpù tó wà lórí fóònù tí kò lo íntánẹ́ẹ̀tì lè ti pẹ́ ní oṣù kan, awakọ̀ yóò sì máa tẹ̀ lé ìkìlọ̀ tó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Bí yóò bá pẹ́ ní ọ̀pọ̀ oṣù, táàgì tó ń sọ wákàtí, oneway:conditional, wà. Ìlà kò gbọ́dọ̀ kúrò níbi tó wà.

* * *

Sí ẹni tó béèrè, kí n sọ ohun tí màá ṣe bó bá jẹ́ èmi.

Ẹ má pa iṣẹ́ onítọ̀hún rẹ́ bó ṣe pa tiyín rẹ́. Ẹ kọ̀wé sábẹ́ changeset rẹ̀, ìyẹn àkójọ àtúnṣe tó fi pamọ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ sọ fún un pé kọnkéré wà níbẹ̀, kí ẹ fi fọ́tò tí ẹ fúnra yín yà hàn án bí ẹ bá ní in, kí ẹ sì sọ fún un pé òótọ́ ni ohùn ń dani láàmú, pé ẹ ó yọ àwọn ìlà tó tẹ̀ nínú oríta. Ẹ dúró fún èsì rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí òun náà jẹ́ awakọ̀ tó ń gba oríta yẹn kọjá, kó sì mọ ojú ìyípadà kan tí ẹ kò mọ̀.

Bí ẹ bá ti yà á padà, ẹ lọ sí ojú òpó OpenStreetMap, ẹ tẹ ibi tí wọ́n ti ń wá ọ̀nà, kí ẹ dán gbogbo ìyànà oríta náà wò, òsì, ọ̀tún, tààrà, láti ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pẹ̀lú OSRM, GraphHopper àti Valhalla. Bí gbogbo wọn bá ṣìnà níbì kan náà, ìlà yín ni kí ẹ wò. Bó bá jẹ́ ọ̀kan ló ṣì í, ẹ fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ lọ sọ fún àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń gba ẹjọ́, wọ́n sì fẹ́ràn àpẹẹrẹ láti orí ilẹ̀ wa.

OsmAnd ní ẹ̀rọ ìṣírò tirẹ̀ lórí fóònù, oṣooṣù ni máàpù rẹ̀ sì ń jáde fún ẹni tí kò yan èyí tó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Máàpù tó wà lórí fóònù ẹ̀gbọ́n yín lónìí lè má tíì mọ̀ pé ẹnìkan pa iṣẹ́ yín rẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ bá mi kí i, kí ẹ sì ní kó gba máàpù tuntun sórí fóònù ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó bá tẹ̀ lé àtúnṣe yín, kó tó gba oríta yẹn kọjá láti sọ fún wa ohun tó gbọ́.